Ẹ MÁ FI ÌKÁNJÚ NU ÚN

  

*Bíbélì kíkà:* Gálátíà 6:1-5, Sekaráyà 3:1-5

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, àbúrò mi ọkùnrin tan àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì ní pálọ̀, oorun sì gbé e lọ. Kí a tó ta jí, iná ti ran kọ́tìnì, ó ti ran àga, ó ti dé ibi tí Màámi ń kó álúbọ́ọ̀mù sí. A dúpẹ́ pé kò mú ẹ̀mí lọ. Àwọn aládùúgbò bá wa fi omi àti yanrìn pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi, fọ́tò ìsọmọlórúkọ wa, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú eérú àti omi.

Bàbá mi ti sùn nínú Olúwa nígbà náà. Ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ni. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà tó ti rẹ́rìn-ín, òun gan-an ni mo sì kọ́kọ́ rí. Etí rẹ̀ ti jó, èéfín dúdú ti bò ó, ṣùgbọ́n ojú Bàbá ṣì ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rẹ aṣọ sínú omi, mo fi nu ún.

Ẹ̀yin ará, bí mo ṣe ń nu ún ni èéfín náà ń fọ́n ká, tó ń wọnú bébà lọ. Omi ti rọ ojú fọ́tò náà, ló bá bá aṣọ jáde. Kí n tó ṣíwọ́, ojú bàbá mi ti lọ. Iná kò jó o. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi nu ún nù.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo gbéra, mo lọ bá àbúrò mi. Mo ní, "Ìwọ lo jẹ́ ká pàdánù Bàbá lẹ́ẹ̀kejì!" Oṣù mẹ́rin ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo sì ń wàásù ní gbogbo àsìkò yẹn o!

Lẹ́yìn náà, mo kó ìyókù fọ́tò lọ sọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá kan tó ń ya fọ́tò. Ó wò mí, ó ní, "Evangelist, ohun tí iná bá ti fọwọ́ kàn, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ la fi ń mú un." Ó ní ká kọ́kọ́ fi fóònù ya á bó ṣe wà, kí ohun tó ṣẹ́kù má bàa sọnù. A kì í fi aṣọ tútù nu èéfín, nítorí ọ̀rá máa ń wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá gbẹ, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ la fi ń gbá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tó bá tutù tó lẹ̀ mọ́ra wọn, a kì í fà á ya; inú omi tútù tó mọ́ la ó rẹ ẹ́ sí títí yóò fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ká wá sá a síbi afẹ́fẹ́, kì í ṣe sínú oòrùn. Èyí tí a kò bá ráyè fún láàárín ọjọ́ méjì, ká dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ká gbé e sí firísà kó má bàa bu. Èyí tó bá sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ká má ṣí i, ká ya á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Pọ́ọ̀lù ní kí a fi ìwà tútù gbé ẹni tó ṣubú dìde, kí a sì máa wo ara tiwa náà. Ẹ tún wo Jóṣúà olórí àlùfáà. Aṣọ rẹ̀ dọ̀tí lóòótọ́, Sátánì sì dúró lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń fẹ̀sùn kàn án. Ọlọ́run kò sọ pé aṣọ náà mọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i bí ohun tí òun fúnra rẹ̀ yọ nínú iná. Kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á lára. Ó ní kí wọ́n bọ́ èyí tó dọ̀tí, kí wọ́n wọ tuntun fún un. Èmi wá bi ara mi pé: lọ́wọ́ ọ̀tún àbúrò mi, ta ni mo ń bá dúró?

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo nu ojú Bàbá nù. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti lọ sí Iléṣà. Fọ́tò yẹn náà wà nísàlẹ̀ àpótí Màmá Iléṣà, wọ́n sì fún mi." Àbúrò bàbá mi obìnrin nìyẹn. Ó ti lé ní oṣù méjì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹnu mi ló ń bà á lẹ́rù.

Àyànfẹ́, ta ni iná ti fọwọ́ kàn nínú ilé yín? Ọmọ tó gboyún sílé? Ọkọ tó fi owó ilé ta tẹ́tẹ́? Ẹni tó ṣubú nínú ẹgbẹ́ akọrin? Mi ò ní kí ẹ pe èéfín ní funfun. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ẹnu nu ún, ẹ dúró. Ojú kan ṣì wà lábẹ́ èéfín yẹn, àwòrán Ọlọ́run ni.

*Iṣẹ́ òní:* Ẹ pe ẹnì kan tí ẹ ti nà lẹ́gba ọ̀rọ̀. Kí ẹ sì fi fóònù ya àwọn fọ́tò àtijọ́ ilé yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí tó ń gbé níbòmíràn.

*Àdúrà:* Bàbá, ìwọ tí o yọ mí nínú iná, fún mi ní ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Má jẹ́ kí n fi ìkánjú ba ohun tí o ṣì fẹ́ tún ṣe jẹ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.