Ta Ló Ta Ọfà Mọ́ni Lọ́rùn?

Bí ìrora bá gbéra látinú ọrùn obìnrin kan ní Iffe ní Ìpínlẹ̀ Kogi, tó gba èjìká sọ̀kalẹ̀ dé àtàǹpàkò, tí ọwọ́ sì ń ta á bí iná, ìbéèrè méjì ló délẹ̀. Kí ló fà á? Ta ló ṣe é? Káàkiri ilẹ̀ Ìjùmú, títí dé Kàbbà, èkejì ló máa ń yá lẹ́nu jù. Wọ́n ti ta á lọ́fà nìyẹn.

Eegun méje ló wà lọ́rùn, iṣan ìmọ̀lára mẹ́jọ ló sì ń jáde níbẹ̀ lápá ọ̀tún, mẹ́jọ lápá òsì. Bí ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjì bá yọ síta, tàbí tí eegun gbó tó sì hu ṣóńṣó, á fún ọ̀kan nínú iṣan yìí mọ́lẹ̀. Ọrùn ni wọ́n ti fún un, apá ló ti ń ké. Ìka tó bá kú tilẹ̀ máa ń tú àṣírí: àtàǹpàkò sábà ń tọ́ka sí iṣan kẹfà, ìka àárín sí ìkeje, ọmọńdinrín sí ìkẹjọ. Bó bá jẹ́ pé ayé ló ta ọfà náà, báwo ló ṣe ń gba ojú ọ̀nà kan náà lára ará Iffe àti lára òyìnbó tí kò ní orogún ní London?

Ikọ́ ife náà lè wọ eegun ọrùn. Jẹjẹrẹ lè dé ibẹ̀. Ìṣubú lórí ọ̀kadà lè ṣe é. Nígbà mìíràn ọkàn ló ń ké láti apá òsì, pàápàá bí àyà bá ń fún èèyàn tí òógùn sì bò ó. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń sùn mọ́jú.

Ẹrù orí ńkọ́? Òṣùká, agbọ̀n iṣu, ìdì igi lórí iṣu, ọmọ lẹ́yìn. Ní 1968, Laurence Levy, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilẹ̀ tó di Zimbabwe lónìí, kọ̀wé sínú British Medical Journal nípa ohun tí ẹrù rírù ń ṣe fún ọrùn.

Ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin ló ń rẹrù. Èé ṣe tó fi jẹ́ tèmi? Ìbéèrè gidi ni. Nínú ìwé tí Evans-Pritchard, onímọ̀ nípa àṣà ìran èèyàn, kọ ní 1937 nípa àwọn Azande, ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, bí àká bá wó lu èèyàn, wọ́n mọ̀ pé ikán ló jẹ òpó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni ìdí tí àká náà fi wó lásìkò tí àwọn èèyàn yẹn gan-an jókòó sábẹ́ rẹ̀. Dókítà pàápàá kò rí ìdí èyí: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni àwòrán ọrùn wọn fi hàn pé eegun ti gbó, síbẹ̀ wọ́n ń jó lóde àríyá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọ̀pọ̀ irú ìrora yìí máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá wà nítòsí nígbà náà, ìbáà jẹ́ wòlíì tàbí adáhunṣe, òun ló gbọpẹ́. Ẹni tí wọ́n sì ti pè ní àjẹ́, ta ni yóò dá orúkọ rẹ̀ padà fún un?

Ìbéèrè “ta ló ṣe é” wà nínú Bíbélì pẹ̀lú. Nínú Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù léèrè ẹni tó ṣẹ̀ tí ọkùnrin kan fi fọ́jú láti inú ìyá rẹ̀ wá, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn. Amọ̀ ló pò fún un, ó ní kó lọ wẹ̀.

Ẹni tí nǹkan bá ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wọ́ ẹsẹ̀, tàbí tí kò lè kó ìtọ̀ dúró mọ́, kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ lè máa gbàdúrà nínú mọ́tò.