Ó Ha Tọ́ Kí A Bomi Rin Òdòdó Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn?

Ní Bódìjà ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950, a máa ń rí ọgbà òdòdó níwájú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí a ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ de Kérésìmesì, ìbéèrè kan a máa kò wá lójú: ó ha tọ́ kí a bomi rin òdòdó, nígbà tí ọmọ aládùúgbò ń ru kẹ́ẹ̀gì kiri láti wá omi mímu?

Àwọn kan a wí pé, "Kànga mi ni." Àwọn mìíràn a ní, "Òdòdó kì í ṣe oúnjẹ. Kí ó kú." Àwa kò gba ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni òdòdó ẹnu ọ̀nà a máa tu ọkàn ẹni tí ń kọjá lára.

Ẹ wo bougainvillea tí ó ti ilẹ̀ Bràsíl wá. Bí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù, ewé lásán ni yóò máa yọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹwà rẹ̀ máa ń yọ jù lọ. Ẹni tí ó gbin irú rẹ̀, tí ó sì fi omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ rin ìyókù, ní ẹwà láìgba omi lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fún aládùúgbò lómi kí a tó ro ti òdòdó. Ilé tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ará ìta, ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kò pé.