Aṣọ Tí A Kò Rán

Bíbélì kíkà: Àìsáyà 61:10

Labalábá kan wà tí kì í sáré. Bí oòrùn bá ti yọ dáadáa, ẹ ó rí i lẹ́bàá ọ̀nà Ẹdẹ ní Ilé-Ifẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí, tó ń fò jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ṣóńṣó apá iwájú rẹ̀ dúdú, àmì funfun sì wà lára dúdú náà. Danaus chrysippus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, láti ọdún 1758 tí Linnaeus ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó wà káàkiri Áfíríkà, ó wà ní Íńdíà àti Sri Lanka, títí lọ dé Ṣáínà. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, apá ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń funfun. Ti Éṣíà pupa ni.

Ewé bomubomu ló fi í lọ́kàn balẹ̀. Àwọn ìyá Fúlàní mọ ewé náà dáadáa, oje rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú wàrà dì. Oje yẹn kan náà ní májèlé nínú. Ọmọ labalábá yìí, kòkòrò abilà tí kò tíì níyẹ̀ẹ́, a máa jẹ ẹ́ ní àjẹyó, májèlé náà á sì bá a dàgbà. Ẹyẹ tó bá tọ́ ọ wò á bì í, kò sì ní padà wá.

Òmíràn tún wà, Hypolimnas misippus. Pápásan lọmọ tiẹ̀ ń jẹ, kò korò rárá. Akọ rẹ̀ dúdú, àmì funfun ńláńlá sì wà lápá rẹ̀. Ṣùgbọ́n abo rẹ̀! Aṣọ ẹni àkọ́kọ́ ló wọ̀ délẹ̀. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ní apá ẹ̀yìn funfun, bíi ti ará ilé wa. Ẹyẹ á rí i, á yà.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi labalábá bú aláfarawé, pé ó fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ. Oníwàásù tí ń wá àpèjúwe àgàbàgebè kò ní í jìnnà kó tó rí eléyìí. Èmi kò gbà. Abo yìí kò jí aṣọ ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́dàá ló wọ̀ ọ́ fún un. Ìkorò tó ń dáàbò bò ó, kò tọ́ ọ wò rí, ẹlòmíràn ló jẹ ẹ́. Ní Gẹtisémánì, Jésù bẹ̀bẹ̀ pé kí ago kan ré òun kọjá. Kò ré e kọjá, ó mu ún. Pápásan làwa ń jẹ.

Àdúrà: Olúwa, nígbà tí ọ̀tá bá wò mí tó sì yà, má jẹ̀ẹ́ kí n rò pé èmi ni mo bà á lẹ́rù. Àmín.