Afùwàpẹ́ Kọ́kọ́ Yà Sílé Baba Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ọmọ wọn ti gbé fọ́ọ̀mù dual credit wálé fún rí. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè bóyá ọmọ tí kò tíì jáde girama fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kíláàsì kan ni yóò jókòó sí, àmọ́ ìwé méjì ni èsì rẹ̀ máa wọ̀: ti girama àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ètò yìí kì í ṣe tuntun ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ Minnesota ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1985. Ní Texas, òfin tí wọ́n ṣe ní 2023 ti jẹ́ kí ọmọ tí owó kò tó lọ́wọ́ òbí rẹ̀ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó bá kópa nínú ètò náà. Oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì sábà máa ń gba krẹ́díìtì 120, kíláàsì kan sì sábà máa ń jẹ́ 3. Bí òbí bá ti ṣírò rẹ̀, tó rí i pé owó ọdún kan tàbí méjì lè kù sápò, ara rẹ̀ á yá gágá. Á ní kí ọmọ mú gbogbo rẹ̀.

Ìtàn kan wà nínú Ogbè Ògúndá, ọ̀kan nínú odù Ifá, tó yẹ kí irú òbí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sílé ayé: Oríṣéékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ó di dandan kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí, kí kálukú yan tirẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà síbì kankan. Àwọn méjì gba ìkìlọ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Afùwàpẹ́ ní òun máa rí baba òun ná. Wọ́n dífá fún un nílé baba rẹ̀, ó rúbọ, wọ́n sì bu nínú iyọ̀ àti owó ẹbọ náà fún un kó máa mú un lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ilé Àjàlá, wọn ò bá a nílé, wọ́n sì fúnra wọn mú orí tó tóbi, tó wu ojú. Orí ọ̀hún kò jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn. Nígbà tí wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, wọn ò jèrè. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ bá onílẹ̀kùn tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un níyọ̀. Onílẹ̀kùn yìí ló là á lóye pé àjà ni Àjàlá sá pamọ́ sí nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin dán àwọn orí wò títí wọ́n fi rí èyí tó jinná.

Ohun tí mo rí nínú ẹsẹ yìí ni pé àwọn méjì yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìmọ̀ràn àgbà ni wọ́n tẹ̀ lé, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè ni wọn ò béèrè. Ìbéèrè ló sì yẹ kó ṣáájú kí òbí tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù: ṣé krẹ́díìtì yìí á bá ọmọ dé yunifásítì tó ń lọ? Ní Texas, krẹ́díìtì 42 tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ máa ń bá ọmọ lọ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan sí òmíràn. Tó bá jẹ́ yunifásítì aládàáni ló ń lọ, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ka kíláàsì tí ọmọ ti fi jáde girama. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe, ó lè kó krẹ́díìtì 60 dání kó tún lo ọdún mẹ́rin, nítorí ìṣirò àti físíìsì tó ń to ara wọn léra. Olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ àti yunifásítì tí ọmọ ń fojú sí ni onílẹ̀kùn tí a ní. Ẹ kàn sí wọn, ẹ gba èsì lákọsílẹ̀.

Ọ̀pá irin náà wà. Ìdánwò TSI ni ìpínlẹ̀ Texas fi ń wò ó bóyá ọmọ lè ka ìwé, kó kọ ọ́, kó sì ṣe ìṣirò tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àmọ́ ìdánwò yìí ò lè sọ bóyá ọmọ á jí fúnra rẹ̀, á sì rántí ọjọ́ tí iṣẹ́ pé. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í pe ìyá ọmọ lórí fóònù. Òfin àpapọ̀ ti 1974 ti fún ọmọ tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láṣẹ lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ọmọ ọdún 16.

Òjò ni ó wá bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ tó bá ṣe ìdánwò AP (ọ̀nà mìíràn tí ọmọ girama fi ń gba krẹ́díìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì) tí kò ṣe dáadáa lè má fi máàkì ọ̀hún ránṣẹ́ sí yunifásítì. Ti dual credit kò rí bẹ́ẹ̀: D tàbí F tó gbà ti wọ ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ títí láé. Àwa Yorùbá tó ń fẹ́ kí ọmọ di dókítà ló sì yẹ kó gbọ́ eléyìí dáadáa: AMCAS, ètò tí wọ́n ń gbà wọ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ń béèrè gbogbo èsì kọ́lẹ́ẹ̀jì, títí kan èyí tí ọmọ gbà nígbà tó wà ní girama. F ọmọ ọdún 15 máa dúró níwájú rẹ̀ nígbà tó bá pé 22.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé kí ọmọ má ṣe é. Afùwàpẹ́ náà ṣáà dé ayé, ó sì rí ṣe ju àwọn tó yára lọ. Kíláàsì kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ mú, nínú iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú. Bó bá yege, kó mú méjì. Bí kò bá fẹ́ rárá, tó sì ń ṣe dáadáa ní girama, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ tún wo Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín fúnra rẹ̀. Ó fún ọmọ rẹ̀ níyọ̀, ó fún un lówó, kò bá a lọ yan orí. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ pe ọmọ jókòó, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ kíláàsì tó fẹ́ àti ìdí tó fi fẹ́ ẹ.