Ṣé Ó Pé?

“Ó pé.”

Ohun tí ẹni tó ta katakata náà fún wa sọ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì sọ ọ́. Ó nawọ́ sí òkìtì irin tó wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, ó ní, “Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹnikẹ́ni ò mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló pé.” A gbà á gbọ́. Kí là bá ṣe? Bóòtù kún inú garawa mẹ́rin, àwọn jíà ti dípẹtà, písítìnnì mẹ́ta wà nínú àpò sìmẹ́ńtì. Ta ló fẹ́ máa kà á?

Àwa mẹ́ta la lọ lọ́jọ́ náà, ní 2022. Sọ́fítíwià là ń kọ ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ kan náà la jọ ń bá ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè wa katakata nínú wa. Ohun tí a fẹ́ rà ni Massey Ferguson 135 kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tó ti tó ọdún 19 tí wọ́n ti tú u palẹ̀. Nígbà tí a sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ìbéèrè tí gbogbo wọn bi wá ni, “Ṣé orí yín pé ṣá?”

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣe ń tẹ̀ lé wa kiri. Orí a máa pé. Ọdún a máa pé. Bí a bá jèrè lórí ọjà, a ó ní ó pé wa. Nígbà tí ẹnì kan bá wá sọ pé ohun tí òun ń tà pé, kí gan-an ló ń sọ? Ìbéèrè tí a fẹ́ kí ẹ bá wa rò nìyẹn, torí ọrùn wa ló wà báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí irú katakata bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní farm settlement. Ìlọrá wà lára wọn, Akùfọ̀ wà lára wọn. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde iléèwé rí oko gidi ṣe, kí wọ́n má baà ya lọ sí ìlú ńlá tán. Ní 1964 ni Massey Ferguson bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 135, ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jáde, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Perkins oní-dísù tó ní písítìnnì mẹ́ta. Ìdílé alágbára ni wọ́n ti wá. Katakata Ferguson, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn, ni Edmund Hillary wà dé ìpẹ̀kun ayé ní gúúsù ní January 4, 1958, lórí yìnyín.

Bàbá tó ni tiwa ti wa katakata ní ibùdó àgbẹ̀ kan rí. Nígbà tí wọ́n lu àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ní gbàǹjo, ó ra ọ̀kan, ó sì fi ń túlẹ̀ fún àwọn ará abúlé títí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú. Ní 2003, ó tú u láti tún un ṣe. Owó tán, àìsàn dé, bàbá sì papò dà. Bí ẹ̀rọ tó ń tú ilẹ̀ kiri ṣe di ohun tí wọ́n tú sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù ti débẹ̀ ṣáájú wa. Òṣùwọ̀n ló gbé dání. Bí irin náà bá ṣe wúwo tó ló fẹ́ sanwó, ₦260,000 ló sì pè é. Àwa san ₦520,000. Irin kan náà, òkìtì kan náà. Kí la fi ìdajì tó lé yẹn rà?

Kí á tó kúrò níbẹ̀, ìyàwó bàbá náà jáde síta. Màmá di ọwọ́ ọ̀kan nínú wa mú, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e o.” A ní, “A ò ní jẹ́ kí wọ́n gé e, Mà.” Ẹnu ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ọkàn wa ò tíì débẹ̀.

Ohun kan wà tí a ò mọ̀ nígbà tí a rà á. Bí ẹ bá tú ọkọ̀ akẹ́rù, tí ẹ yọ ẹ́ńjìnnì, tí ẹ yọ ilẹ̀kùn àti àga, ṣásí ṣì máa ṣẹ́kù nílẹ̀, irin gbọọrọ méjì tí gbogbo nǹkan jókòó lé. Ẹ ṣì máa nawọ́ sí i pé ọkọ̀ nìyí. Katakata irú eléyìí ò ní ṣásí. Ẹ́ńjìnnì ni iwájú rẹ̀, ilé jíà ni àárín, ilé tó gbé táyà ńlá méjèèjì ni ẹ̀yìn. Wọ́n fi bóòtù so wọ́n mọ́ra, ìsopọ̀ yẹn gan-an sì ni egungun rẹ̀. Bí ẹ bá tú u, kò sí egungun kankan nílẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di katakata kò sí nínú garawa kankan.

Ẹ ti lè gbọ́ ìtàn ọkọ̀ ojú omi Theseus tí Plutarch kọ sílẹ̀. Bí pákó rẹ̀ bá ti ń jẹrà ni àwọn ará Athens ń fi tuntun rọ́pò, títí àwọn onírònú fi ń jiyàn bóyá ọkọ̀ àkọ́kọ́ ṣì ni. Thomas Hobbes wá fi tirẹ̀ lé e ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ó ní, bí ẹnì kan bá kó àwọn pákó àtijọ́ yẹn pa mọ́, tó sì kàn wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ wo ni ojúlówó nínú méjèèjì? Tiwa yàtọ̀ sí tàwọn méjèèjì. Lọ́dọ̀ wa, pákó wà, ọkọ̀ ni kò sí.

Àwọn àgbà wa ti dáhùn apá kan nínú rẹ̀. Wọ́n ní Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn, ojú, imú, ọwọ́, ẹsẹ̀. Bó bá mọ ọ́n tán, Olódùmarè ló ń fi èémí sí i. Òkú náà lójú, ó lọ́wọ́, ẹ̀yà ara rẹ̀ kan ò sọnù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa wo òkú kó ní ó pé.

Ṣùgbọ́n irin ò lẹ́mìí. Kí wá ni èémí katakata? Níbi iṣẹ́ wa, a ti rí irú ẹ̀. Ẹnì kan kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi gbogbo kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, fáìlì kan ò sọnù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń wò ó, kò ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá la rí i pé ìlànà kan wà tó jẹ́ pé inú orí rẹ̀ nìkan ló wà, kò kọ ọ́ síbì kankan. Bàbá náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ ohun tó ń lọ síbi tó ń lọ bá a wọ ilẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwa rò pé a lè fi owó ra àkísà àgbà. A rà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọjọ́ tí aṣọ kọ̀ọ̀kan ya kò sí mọ́.

Oṣù kẹjọ la rí ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín wa. Nínú ẹ́ńjìnnì, kọ́ńrọ́ọ̀dù ni ọ̀pá tó so písítìnnì mọ́ ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀. Ihò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìdajì ihò yẹn wà lára kọ́ńrọ́ọ̀dù, ìdajì kejì wà lára ìdérí kan tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n á ti de méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ihò náà dé ìwọ̀n, wọ́n á sì tẹ nọ́ńbà kan náà sára méjèèjì. Ẹ ò lè gbé ìdérí ọ̀kan sára òmíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Ihò náà ò ní rí róbótó mọ́. Ọ̀pá yẹn lè há, tàbí kí béárìn rẹ̀ jẹ tán láìpẹ́.

Kọ́ńrọ́ọ̀dù mẹ́ta la bá. Ìdérí mẹ́ta la bá. Méjì bá ara wọn mu. Nọ́ńbà ìkẹta ò bá ti kọ́ńrọ́ọ̀dù rẹ̀ mu rárá, inú ẹ́ńjìnnì mìíràn ló ti wá. Bàbá mẹkáníìkì tó ń ràn wá lọ́wọ́ yí i lọ yí i bọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ẹ máa wá kọ́ńrọ́ọ̀dù àti ìdérí rẹ̀ pa pọ̀ ni. Wọn kì í ra ìdajì.” Bí a bá kà á, ó pé. Bí a bá fẹ́ lò ó, kò pé.

Inú bí wa. Ọ̀kan nínú wa ti gbé fóònù láti pe ẹni tó tà á fún wa, kó bú u. Ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ sọ fún un? Ṣé irọ́ ló pa? Ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló tà, olè ò sì mú nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bàbá fúnra wọn ló wá ìdérí náà nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bàjẹ́. Ọmọ wọn ò mọ̀. Àìmọ̀ kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀, ẹni tó fi ìdánilójú sọ ohun tí kò mọ̀, tó sì fi gba owó, ti ta ohun tí kò ní. Ibi tí ẹ̀bi rẹ̀ wà nìyẹn, kò sì kọjá ibẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? “Ṣé ó pé?” la bi í. Ìbéèrè tó ti gbé ìdáhùn rẹ̀ dání ni. A ò béèrè pé ta ló tú u, ṣé ó kọ nǹkan sílẹ̀, èwo ni wọ́n ti pààrọ̀ rí. À ń fẹ́ kó sọ pé ó pé ni. Bí a bá ń ra ohun tó ti tú, ọjọ́ ọ̀la là ń rà, ẹni tó sì ń ra ọjọ́ ọ̀la kì í fẹ́ kà á lẹ́yọ lẹ́yọ. A fi òpè tirẹ̀ kún òpè tiwa, a pè é ní ọjà.

Bó bá parí síbẹ̀, ẹ̀kọ́ lásán ni ì bá jẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa rí ọ̀nà Kánádà. Owó ń wá a, ó sì ní òun fẹ́ gba ìpín òun nínú katakata. Kò burú. A polówó rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá láti Abẹ́òkúta, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa náà bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Ojú rẹ̀ ń dán. Iye tí a pè kò dẹ́rù bà á. Ó wá yíjú sí wa.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó pé?”

A wo ara wa. Kọ́ńrọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìdérí mẹ́ta. Kò ní mọ̀. Bó bá tiẹ̀ mọ̀, oṣù kẹjọ ni yóò mọ̀, ẹnì kan yóò sì ti wà ní Kánádà. Bí a bá ní “ó pé”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún wa náà la sọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé àwa mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà tó jẹ́ àṣìsọ lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́ ti di irọ́ lẹ́nu tiwa.

Ẹni tó ń lọ sí Kánádà yẹn gan-an ló wọlé lọ mú ìwé tí a máa ń kọ nǹkan sí wá. Ohun 14 ló wà níbẹ̀ tí kò sí tàbí tí kò bá ara mu, ìdérí yẹn ló sì wà lókè pátápátá. Ó fà á fún ọmọ náà. Ọmọ náà kà á dórí èyí tó kẹ́yìn, ó dúpẹ́, ó ní òun máa padà wá. Kò tíì padà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ wa ní, “Kì í ṣe pé mo dáa jù yín lọ o. Ojú tèmi lọ́jọ́ tí mo bèèrè ni mo rí.” Àwa méjì tó kù ń san ìpín rẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù. Ó dùn wá, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn kọ́ńdẹ̀mù ń kọjá lẹ́nu géètì wa, a sì mọ iye tí irin náà wọ̀n.

Ohun tí a rí kọ́ kò pọ̀. A ò tún sọ “ó pé” mọ́ nípa ohunkóhun tí a bá ń fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ì báà jẹ́ kóòdù, ì báà jẹ́ irin. Ohun tí à ń sọ ni pé: èyí ló wà, èyí ni a mọ̀ pé kò sí, èyí ni a ò tíì yẹ̀ wò. Ó gùn ju “ó pé” lọ, kì í sì í tètè tajà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ mọ ohun tó ń rà.

Lóṣù tó kọjá, Màmá pè wá. À ń bẹ̀rù pé wọ́n á bi wá bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. Wọn ò bèèrè bẹ́ẹ̀.

“Ṣé ẹ ti so ó pọ̀?”

A sọ fún wọn bó ṣe rí. Àárín ti so mọ́ ẹ̀yìn, táyà ńlá méjèèjì ti wọlé, igi la fi gbé iwájú rẹ̀ ró, ẹ́ńjìnnì ṣì ń retí kọ́ńrọ́ọ̀dù kan àti ìdérí rẹ̀.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ó ti nàró nìyẹn.”

“Ó ti nàró, Mà. Kò tíì pé.”

“Mo gbọ́,” ni wọ́n wí. “Ẹ ṣeun. Ẹ tún máa pè mí.”