Òtítọ́ wo ló yẹ ká sọ fún ọ̀rẹ́ tó ń rí ohun tí a kò rí?



Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo àgbàlagbà kan ní Ilémọ̀nà, nítòsí Ọ̀fà. Àrùn Parkinson ti ń bá a fínra ọjọ́ ti pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó nawọ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó ní: "Ta ni ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ yẹn?" Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí lo máa sọ?

Àwọn kan á ní òtítọ́ ni kó o sọ. Ṣebí nínú Ọ̀sá Òtúrá, Ifá béèrè ohun tí òtítọ́ jẹ́, ó sì fi yé wa pé olóòótọ́ ni àwọn irúnmọlẹ̀ ń gbè. Torí náà: "Kò sẹ́ni níbẹ̀ jàre, orí ẹ ti dàrú!" Àwọn mìíràn á ní kó o kàn gbà fún un: "Mo rí i, jẹ́ kí n lé e jáde."

Èmi ò gba ti àkọ́kọ́, n ò sì gba ti èkejì.

Àwa ará agbègbè Ọ̀fà mọ ìjàkadì, àmọ́ ta ló lè da ojú ẹlòmíràn mọ́lẹ̀? Láti 1817 ni oníṣègùn James Parkinson ti kọ̀wé nípa àrùn yìí ní London. Ó máa ń pa ibi tó ń ṣe èròjà dopamine nínú ọpọlọ, òun ló ń mú ara gbọ̀n tó sì ń mú un le. Bó bá pẹ́, ó lè kan iyè. Oògùn tó ń jẹ́ kí ara ṣeé gbé náà lè mú kéèyàn máa rí nǹkan. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń rí dá a lójú. Bó o bá bá a jiyàn, ìtìjú lo fi kún ẹ̀rù rẹ̀.

Bó o bá sì purọ́ pé o rí i, o ti jẹ́rìí sí i pé ọ̀tá wà nínú ilé. Lọ́la, ojú ta ni yóò tún gbẹ́kẹ̀ lé?

Ìbéèrè kan wà lábẹ́ ìbéèrè rẹ̀: "Ṣé kò séwu?" Ìyẹn ni kó o dáhùn. "Ọ̀rẹ́ mi, èmi ò rí i o, àmọ́ mo mọ̀ pé ìwọ ń rí i. Mo wà níbí, n ò lọ." Kò sírọ́ níbẹ̀, kò síjà. Lẹ́yìn náà, tan iná, ká aṣọ tó fi ara jọ èèyàn kúrò lára ògiri. Bó bá jẹ́ ọmọdé tó ń ṣeré ló ń rí, tí ẹ̀rù ò bà á, fi sílẹ̀.

Ogbè Alárá sọ bí Ìwà ṣe fi Ọ̀rúnmìlà sílẹ̀ torí pé kò ṣìkẹ́ rẹ̀, tó sì wá a káàkiri. Òtítọ́ tó bá lé Ìwà jáde nílé, a ti ba òtítọ́ náà jẹ́.

Ó kan àwa awo. Bí ọ̀rẹ́ yìí bá ní òun rí ìyàwó àbúrò òun lóru, tí àwọn ẹbí wá béèrè ẹni tó ń ṣe é, ẹ má jẹ́ ká fi ojú aláìsàn pe ìyá àgbà ní àjẹ́. Ohun tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ò sọ, ká má fi sí i lẹ́nu.

Ẹ ṣọ́ra fún wèrèpè náà. Èròjà levodopa wà nínú rẹ̀, òun kan náà ló wà nínú oògùn dókítà. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀ láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, ìran náà lè pọ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀.

Bí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn bá dé lójijì, ó lè jẹ́ àrùn inú ìtọ̀, tàbí àìmu omi tó. Ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ì báà jẹ́ l'Ọ́fà tàbí n'Ílọrin. Ẹ sọ fún wọn pé Parkinson ló ń ṣe é, torí àwọn oògùn kan tí wọ́n ń lò fún ìran bẹ́ẹ̀, bíi haloperidol, lè mú kí ara rẹ̀ túbọ̀ le.

Kí Ifá fún wa ní ọ̀rẹ́ tí yóò jókòó tì wá lóru. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.