Nígbà Wo Ni Igi Ìlú Lẹ́wà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ̀ wò. Bí ọyẹ́ bá dé, ewé igi fúrúùtù tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Èkó, àti ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, a máa pọ́n, a sì máa já bọ́. Àwọn tí ń gbálẹ̀ a máa kùn sí i, wọn a ní igi ẹlẹ́gbin ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, bí ewé bá pọ́n ní oṣù kẹwàá, àwọn ènìyàn a máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Kí ni ó dé tí ewé pupa fi jẹ́ ẹ̀gbin níhìn-ín, tí ó sì jẹ́ ẹwà lọ́hùn-ún?

Àwọn kan yóò dáhùn pé ìwúlò ni ẹwà. Èrò yìí kì í ṣe ti òpè. Odán tí àwọn baba wa gbìn sí ọjà àti sí iwájú ààfin, ta ni ó yìn ín nítorí òdòdó? Òjìji rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe òjìji nìkan ni ẹwà, òrùlé páànù náà ìbá lẹ́wà. Ní tiwa, a rò pé ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní àkókò kan ni ojú ń fẹ́. Òtútù àti òkùnkùn ń bọ̀ wá bá àwọn ará ọ̀hún, nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ràn ohun tí ó ń lọ. Àwa ní tiwa, oòrùn ni ó ń bọ̀ wá bá wa, ìbòòji ni a sì ń pàdánù.

Ẹ wo panṣẹ́kẹ́, igi tí ó ti Madagascar wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìhòòhò ni í wà, èso rẹ̀ gígùn dúdú a máa rọ̀ bí àkọ̀ idà, ẹnikẹ́ni kì í sì bojú wò ó. Bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, a tan òdòdó pupa bí iná, àwọn tí ń kọjá lọ a sì dúró. Igi kan náà ni. Láti ojú ewé ni omi ti ń fi ara igi sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, igi a wọ́wé kí ó má baà kú. Àràbà tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí kò ní ewé lórí ni í tanná, òru ni òdòdó rẹ̀ ń là, àdán a sì wá mu oje rẹ̀. Ẹwà tirẹ̀ kò dúró de ojú wa rárá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ni èyí, nítorí àáké ń tẹ̀lé ìdájọ́ ojú. Ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ kan, a rí panṣẹ́kẹ́ tí wọ́n gé ní oṣù kẹta, wọ́n ní ó ti kú. Omi ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, ewé titun sì ti ń yọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka tí ó wà nílẹ̀. Nísinsìnyí, bí ó bá di ọ̀sán, ẹ̀bá ògiri ni àwọn ọmọ ń fara mọ́ láti wá ìbòòji.